Ọ̀rọ̀ Tí Ariwo Bí

Bí ẹ bá ní rédíò ìgbì kúkúrú tó lè gba SSB, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi ohùn ránṣẹ́ lórí ìgbì, tí ẹ ṣí i nírọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn, tí ẹ sì yí i dé agbègbè 14.2 megahertz, ẹ ó gbọ́ àwọn èèyàn tí kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ kankan. Wọn kì í ka ìròyìn, wọn kì í polówó ọjà. Ẹnì kan á máa pe "CQ, CQ, CQ", ìyẹn pé kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ dá òun lóhùn, á dárúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, á wá dákẹ́. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn láti òkè òkun. Kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti parí: five-nine, QTH Nairobi, QSB díẹ̀, QSL, 73. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn pàdé lè rò pé ẹgbẹ́ awo ni wọ́n.

Ham radio ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ owó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n á sì fún un ní orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo ayé. Bí orúkọ náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ẹ mọ̀ pé Nàìjíríà ló ti ń sọ̀rọ̀. TY ni ti Benin, 5V ni ti Togo, 9G ni ti Ghana. Èmi ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní SWL, ìyẹn àwọn tó ń fetí sílẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ wọn, mo sì ti rí i pé ohun tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ sẹ́yìn nídìí nǹkan yìí kì í ṣe owó ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni. Ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.

Wọn kò tì í o. Òfin àjọ ITU, àjọ tó ń pín ìgbì fún gbogbo ayé, sọ ọ́ gbangba pé àwọn ham orílẹ̀-èdè méjì kò gbọdọ̀ fi àmì bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́ra kó má baà yé ẹlòmíràn. Gbogbo àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ni ìtumọ̀ wọn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń sọ ẹnà kí àwọn àgbà tó jókòó tì wá má baà gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ti àwọn ham yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ṣe tiwọn kí ẹni tó wà ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí ariwo sì ti bo etí rẹ̀, lè gbọ́ wọn síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀ṣọ́. Wàhálà kan ló bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ bá mọ wàhálà náà, ọ̀rọ̀ náà kò ní sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́. N kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n á kó ìwé gbọọrọ lé ọmọ lọ́wọ́, QRA títí dé QTX, kó lọ há a sórí. Ó máa há a sórí lóòótọ́. Kí oṣù tó parí, á ti gbàgbé.

Bàbá kan wà ní Mọ́kọ́lá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹligíráàmù. Òun ni mo kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín QRM àti QRN?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tan rédíò wọn, wọ́n yí i sí 7 megahertz, wọ́n bọ́ gbohùn-sétí lórí, wọ́n nà án sí mi. "Gbọ́ ọ ná."

Ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹrin ni, òjò ń ṣú lápá ibì kan. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Faransé, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan kan á fọ́ gbàràgàdà lé e lórí, ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta á sọnù.

"Ta ló ń ṣe ìyẹn?"

"Mànàmáná ni, sà."

"Kò sẹ́ni tó o lè bẹ̀ pé kó dákẹ́, àbí? QRN nìyẹn." Wọ́n rọra yí i díẹ̀. Àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn, kò sí èyí tí mo gbọ́ dáadáa. "Èyí ńkọ́? Èèyàn ló ń ṣe èyí, o lè ní kó sún. QRM. Bí òun bá sì gbà láti sún, QSY ló ṣe yẹn."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Bátìrì ni rédíò Bàbá ń lò, torí náà kò kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ariwo kan tó ti ń dún "ṣììì" lábẹ́ gbogbo ohùn láti ìgbà tí mo ti gbé gbohùn-sétí sórí, tí mo rò pé bí rédíò ṣe ń dún nìyẹn, dákẹ́ lójijì. Ọkùnrin tó ń sọ Faransé wá mọ́ gaara. Mo tún gbọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Gílóòbù LED, ṣájà fóònù, tẹlifíṣọ̀n gbogbo àdúgbò ló ti ń pariwo sórí ìgbì látàárọ̀. Kò pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì gbéra, lẹ́yìn náà ti ìkẹta, ẹni tó ní ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì bọ́ sábẹ́ omi padà. Bàbá ní ọ̀pọ̀ ham máa ń pe ariwo irú èyí náà ní QRM, torí ọwọ́ èèyàn ló ti wá. Láti ọjọ́ náà n kò ṣi QRM àti QRN mú fún ara wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q yìí dàgbà ju gbogbo wa lọ. Nǹkan bí 1909 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ to wọ́n jọ fún ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ibùdó etíkun. Ní 1912, ọdún kan náà tí Titanic rì, àpérò àgbáyé kan ní London gbà wọ́n wọlé. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ Jámánì, ọkọ̀ Faransé àti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí omi kan náà, kò sí èdè tó pa wọ́n pọ̀, Morse nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ìró kúkúrú àti ìró gígùn. Lẹ́tà mẹ́ta ló kó gbólóhùn odidi. Bí àmì ìbéèrè bá tẹ̀lé e, ìbéèrè ni. Bí kò bá tẹ̀lé e, ìdáhùn ni. "QTH?" túmọ̀ sí "Níbo lo wà?" Ẹni náà á ní "QTH Ìbàdàn", ó parí. "QRZ?" ni "Ta ló ń pè mí?" "QRX" ni kó dúró díẹ̀. "QRT" ni pé mo fẹ́ pa ẹ̀rọ mi. "QSL" ni pé mo ti gbà á. Nígbà tó yá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kò sídìí tí wọ́n á fi jù wọ́n nù, torí ariwo kò tíì kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni QSB, ìyẹn kí ohùn máa lọ kó máa bọ̀, kó ròkè kó tún rẹlẹ̀, láì sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìlú wa ní ìtàn nínú rẹ̀.

Lókè orí wa, láti nǹkan bí 60 kìlómítà lọ sókè, ìtànṣán oòrùn ń já àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù gbà kúrò lára afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni ionosphere. Wọ́n pín in sí ìpele D, E àti F. D ló wà nísàlẹ̀. Lọ́sàn-án, ṣe ló ń gbé ìgbì àwọn ìkànnì tó rẹlẹ̀ mì. Bí oòrùn bá wọ̀, D á pòórá, ìgbì á ráyè gòkè dé F, tó wà ní nǹkan bí 250 sí 400 kìlómítà, á sì tẹ̀ padà wá sílẹ̀ níbi tó jìnnà réré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rédíò ìgbì àárín dàgbà á rántí pé tó bá ti di alẹ́, ẹ máa ń gba àwọn iléeṣẹ́ tí ẹ kò gbọ́ èdè wọn, tí ẹ kò sì rí wọn gbà lọ́sàn-án. D tó ti lọ ló fà á. Àmọ́ ìgbì kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo bọ̀ láti òkè. Ó lè gba méjì tàbí mẹ́ta, ojú ọ̀nà náà sì ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá bára mu nígbà tí wọ́n dé, ohùn á ròkè. Bí wọ́n bá ta kora, á rẹlẹ̀. QSB nìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣì jẹ́ University College, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ionosonde. Ó ń ta ìgbì sókè tààrà, láti èyí tó rẹlẹ̀ dé èyí tó ga, á wá ka iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lọ tó fi bọ̀, kí wọ́n lè mọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ ṣe International Geophysical Year láti 1957 sí 1958, Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó tí wọ́n gbára lé. Kì í ṣe ṣíṣèèṣì. Ìlú wa kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì agbára òòfà ilẹ̀ ayé, tó gba apá òkè Nàìjíríà kọjá. Ní agbègbè tó rí báyìí, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ìpele F lè máà tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́, á dà rú, ìró tó padà wá látòkè á fọ́n ká dípò kó dá ṣáká. Spread F ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó jinlẹ̀ lé e lórí ní Ìbàdàn. Ham tó bá wà ní Bódìjà ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó gbọ́ tí ohùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ń gbọ̀n rìrì, ohun tí ẹ̀rọ yunifásítì ń yà sórí ìwé nígbà náà lòun ń gbọ́ yẹn. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná àti físíìsì lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn yìí.

"Five-nine" tó ń jáde lẹ́nu wọn ṣáá jẹ́ máàkì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, láti 1 dé 5, ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yéni sí. Èkejì, láti 1 dé 9, ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Bó bá jẹ́ Morse ni, ẹ̀kẹta wà fún bí ìró náà ṣe mọ́ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi 599 ránṣẹ́. Ní àkókò ìdíje, gbogbo ayé ló ń gba five-nine, kódà ẹni tí wọ́n ní kó tún orúkọ rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Òótọ́ ni mo fẹ́: bí ohùn mi bá dé ọ̀dọ̀ yín ní three-three, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ ohun tí wáyà mi ń ṣe.

Nínú àwọn máàkì agbára yìí ni QRP ti yéni yékéyéké. QRP ni fífi agbára kékeré sọ̀rọ̀, 5 wáàtì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lo 100. Ẹni tó bá gbọ́ 5 àti 100 á rò pé ohùn onítọ̀hún kò lè dé ibì kankan. Àmọ́ kí ohùn tó lè gun ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lórí máàkì agbára, iye wáàtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Torí náà, láti 100 wáàtì sí 5 wáàtì, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kò pàdánù ju ìgbésẹ̀ méjì àti díẹ̀ lọ: ẹni tó ń gbọ́ yín ní 9 á gbọ́ yín ní nǹkan bí 7. Níbi tí iná kò ti dúró, tí bátìrì kékeré àti páànẹ́lì sólà kan ti tó ẹni, mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú gbogbo ham radio tó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn kọ́kọ́ mọ̀ ju QRP lọ.

Owó tí èèyàn ìbá fi ra agbára, kó fi ṣe áńtẹ́nà. Èyí tó rọrùn jù ni dípóòlù: wáyà méjì tó gùn dọ́gba, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, wáyà tó ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ wà láàárín. Ẹ pín 143 sí iye megahertz, ẹ ó rí gígùn rẹ̀ ní mítà. Fún 7.1, ó jẹ́ mítà 20 àti díẹ̀, mítà mẹ́wàá lápá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan ló máa yọ lójú ẹsẹ̀: SWR. Ó ń sọ iye agbára tí áńtẹ́nà gbà àti iye tó dá padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Bí mítà tó ń wọ̀n ọ́n bá kà á sí 1 sí 1, kò dá nǹkan kan padà. Bó bá kọjá 3 sí 1, ẹ̀rọ ìgbàlódé á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jóná. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá so dípóòlù kan mọ́ òkè páànù ilé, kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sókè rẹ̀. Mítà náà kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Páànù ń fa wáyà náà nídìí. A fi ọparun gbé àárín rẹ̀ sókè títí ó fi ga ju igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ mítà sì ń wálẹ̀ bí a ṣe ń gbé e ga sí. Ojú mi ló ṣe.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ alágbèéká ti 2 mítà (gígùn ìgbì rẹ̀ nìyẹn), tó ń ṣiṣẹ́ láàárín 144 sí 146 megahertz ní apá ayé tiwa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìgbì yẹn kì í sábà padà látòkè. Ibi tí ojú bá lè rí lòun náà ń dé, ó sì fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ìlú olókè ni tiwa. Ẹni tó bá dúró sórí Òkè Arẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ wáàtì márùn-ún ju ẹni tó wà ní kòtò Ògùnpa pẹ̀lú àádọ́ta lọ.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn tún wà níbẹ̀. "Ham" fúnra rẹ̀, èébú ni tẹ́lẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàmù fi ń bú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dán. Àwọn amatọ̀ gbà á, wọ́n sì fi ń yangàn. Ẹni tó mú ọ wọ inú iṣẹ́ náà, tó kọ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ni Elmer rẹ. Ìwé ìròyìn QST ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ ní 1971. Gbogbo ọkùnrin ni OM, bàbá àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Gbogbo obìnrin ni YL, ọmọge, bó tilẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Mo bi Bàbá bóyá inú wọn kì í bàjẹ́ bí ọmọ kékeré bá ń dárúkọ wọn ṣákálá lórí afẹ́fẹ́.

"Kí ló fẹ́ bà mí nínú jẹ́? Kò rí mi. Tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó sì ti mọ̀ pé èmi ni, á kí mi tán kó tó fún mi ní máàkì."

Bí ham bá kú, wọn kì í ní ó kú. Wọ́n á ní ó ti di Silent Key: kọ́kọ́rọ́ Morse rẹ̀ ti dákẹ́. 73 ni wọ́n fi ń dágbére lọ́jọ́ gbogbo; láti ọ̀dọ̀ àwọn onítẹligíráàmù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1859 ló ti ṣẹ̀ wá. 88 wà fún olólùfẹ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ "HI HI" nínú Morse, ẹ̀rín ló ń rín. "HI" yẹn ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí àwọn ham ṣe, OSCAR 1, ń tẹ̀ láti òfúrufú ní oṣù Kejìlá 1961.

Fún àdírẹ́sì, wọ́n ní ìlànà kan tí wọ́n fi sọ orúkọ ìlú Maidenhead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí ní 1980. Ó pín gbogbo ayé sí àpótí-àpótí. JJ17 ni àpótí tí Mápó, Dùgbẹ̀ àti Yunifásítì wà. Èkó wà ní JJ16. Lẹ́tà méjì, nọ́ńbà méjì, ẹni tó wà ní Japan á ti mọ ibi tó yẹ kó kọ áńtẹ́nà rẹ̀ sí. Aago UTC ni wọ́n sì ń lò, torí náà ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú aago tiwa.

Àwọn àgbà kan ń sọ pé FT8 ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ọdún 2017 ló jáde. Joe Taylor, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1993, àti Steve Franke ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ẹnì kan, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ẹnì kejì, ó sì lè fa ọ̀rọ̀ yọ lábẹ́ ariwo níbi tí etí èèyàn kò ti gbọ́ nǹkan kan. Lóòótọ́, kò sí ohùn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn: CQ, orúkọ, JJ17, máàkì, tó di nọ́ńbà bíi -12 báyìí, wọ́n á wá fi RR73 kádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, torí wàhálà kan náà ni. Mi ò rò pé ó bà á jẹ́.

Ẹni tí kò ní rédíò lè fi fóònù gbọ́ ọ. Yunifásítì Twente ní Netherlands ní ẹ̀rọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WebSDR, tí ẹnikẹ́ni lè yí láti ibikíbi láì san kọ́bọ̀. Ẹ wo 14.074 fún FT8, 14.060 fún àwọn oní-QRP tó ń tẹ Morse, 14.300 níbi tí àwọn ham ti ń pàdé bí àjálù bá ṣẹlẹ̀. Láti 14.2 lọ sókè, USB, ọ̀kan nínú oríṣi SSB méjì, ni kí ẹ yí i sí. Ní 7 megahertz, LSB, ìyẹn oríṣi kejì, ni. Bí ẹ kò bá yí i síbi tó yẹ, ohùn á máa dún wúrúwùrù, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.